Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: Karst

Karst ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe ilẹ̀ òkúta ẹfun tí omi ti jẹ inú rẹ̀ di ihò. Orúkọ ibì kan ni tẹ́lẹ̀: Kras, ilẹ̀ olókùúta kan láàrin Slofénià àti Ítálì, ẹnu àwọn elédè Jámánì ló sọ ọ́ di Karst. Ìwé tí Jovan Cvijić, ọmọ Sẹ́bíà, tẹ̀ jáde ní 1893 ló fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Òjò ló ń jẹ òkúta náà di ihò. Bó ṣe ń wọlẹ̀, ó ń gba irú gáàsì tí à ń mí síta mọ́ra, omi á wá kan díẹ̀. Kíkan yẹn ló ń yọ́ òkúta, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni í gbà. Ní Škocjan, ní ilẹ̀ Kras, odò Reka kó wọ abẹ́ ilẹ̀ pátápátá, ó di Ítálì kó tó tún yọjú.

Níbi tí ilẹ̀ bá ti rì, kòtò ńlá ló ń kù. Dolina ni ìwé ń pè é, bẹ́ẹ̀ àfonífojì lásán ni dolina létí ará Slofénià. Vrtača ni àwọn tó ni ilẹ̀ ń pe kòtò ọ̀hún. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni erùpẹ̀ pupa ń kó jọ sí, ibẹ̀ sì ni àgbẹ̀ Kras ń rí ilẹ̀ ro.