Báwo Ni A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Àwòrán Méjì Jọra? Ìtàn Kan Láti 1948 Dé 1999

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé oòrùn yọ lónìí, kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ní òjò rọ̀ nínú ọyẹ́, ìròyìn dé nìyẹn. Òye yìí ni Claude Shannon ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà sọ di ìṣirò lọ́dún 1948: bí ìròyìn bá ṣe ṣàjèjì tó ni ìsọfúnni inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, a sì lè fi nọ́ńbà wọ̀n ọ́n. Bí ìròyìn ṣe ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé, kì í ṣe àwòrán.

Ilé ìwòsàn ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwòrán. Oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ lè nílò àwòrán méjì: CT, tó ń fi egungun hàn kedere, àti MRI, tó ń fi ọpọlọ fúnra rẹ̀ àti kókó inú rẹ̀ hàn. Ó fẹ́ gbé ọ̀kan lé èkejì kí wọ́n bára mu gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá yẹ̀, ọ̀bẹ lè bọ́ síbi tí kò yẹ.

Báwo ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ti bára mu? Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ó yọ àwọ̀ àwòrán kan kúrò nínú ti èkejì, kí ó wo ohun tó kù. Èyí kò lè ṣiṣẹ́ níbí, nítorí egungun orí máa ń funfun nínú CT, ó sì máa ń dúdú nínú MRI. Orí kan náà ni, àwọ̀ ló yàtọ̀.

Lọ́dún 1995, Paul Viola àti William Wells ní MIT, àti André Collignon pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leuven ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, dé ibi kan náà láì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n yí ìbéèrè náà padà. Dípò "Ṣé àwọ̀ méjèèjì dọ́gba?", wọ́n béèrè pé: "Bí mo bá mọ àwọ̀ ojú ibí yìí nínú àwòrán kìíní, báwo ni iyèméjì mi nípa èkejì ṣe dín kù tó?" Ìdínkù yẹn la lè pè ní ìsọfúnni àjùmọ̀ní. Bí funfun CT bá ń bá dúdú MRI pàdé ṣáá, nọ́ńbà náà yóò ga. Bí àwòrán bá yẹ̀, funfun yóò máa bá oríṣiríṣi àwọ̀ pàdé, nọ́ńbà náà yóò sì já wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò máa sún àwòrán, yóò máa yí i, títí nọ́ńbà yóò fi ga jù lọ.

Àléébù kan wà níbẹ̀: bí apá tí àwòrán méjèèjì ti bo ara wọn ṣe tóbi tó lè ṣi nọ́ńbà náà lọ́nà. Lọ́dún 1999, Studholme, Hill àti Hawkes ní London dábàá àtúnṣe: wọ́n fi pípín rọ́pò yíyọ nínú ìṣirò náà.

Síbẹ̀, ìṣirò yìí kò mọ ojú, kò mọ imú. Ẹ da gbogbo pixel àwòrán méjèèjì rú lọ́nà kan náà, kí ẹnikẹ́ni má lè dá wọn mọ̀ mọ́. Nọ́ńbà náà kò ní yí padà. Ohun tó ń wọ̀n ni bí àwòrán kan ṣe lè sọ̀rọ̀ èkejì tó. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ṣé ìyẹn nìkan tó ohun tí à ń pè ní ìjọra?