Àgbádárìgì: Èbúté Àlọ, Èbúté Àbọ̀

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì yóò sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, yóò sì fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn láàrin àwọn igi àgbọn títí yóò fi dé etí òkun. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sí ìdí ọkọ̀ àwọn Òyìnbó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé wọ́n ń fún wọn ní omi kànga kan mu lójú ọ̀nà kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lónìí, ibi àlọ rámirámi ni wọ́n ń pe etí òkun náà.

Orúkọ náà tọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì ti ń gbé ní Freetown, ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ja àwọn tí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó lólè. Àgbádárìgì sì di ẹnu ọ̀nà fún àwọn Ẹ̀gbá tí ń lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn Sàró wọ̀nyí ni wọ́n ránṣẹ́ sí Freetown ní 1841 pé kí a fi oníwàásù ránṣẹ́. Thomas Birch Freeman dé ní oṣù Kẹsàn-án 1842, Henry Townsend sì dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Àwọn méjèèjì yìí ni a máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ igi Àgíà, tí a wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní Kérésìmesì ọdún náà. Igi náà wó ní 1959, òpó ìrántí ni ó dúró ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó pè wọ́n wá?

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Ìjọ C.M.S. kọ́ parí ní 1845 sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni Samuel Àjàyí Crowther dé ìlú náà. Ṣódẹkẹ́ ti kú, ọ̀nà Abẹ́òkúta kò sì ṣeé gbà, nítorí náà wọ́n dúró ju ọdún kan lọ. A mú Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1846, nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni ó gbà débẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àbọ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀. Wọ́n kó Séríkí Fárẹ̀mí Williams Àbáàsì ní ọmọdé, wọ́n sì mú un dé ilẹ̀ Bràsíl. Ó padà, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Ogójì yàrá tóóró ni ó wà nínú ọgbà rẹ̀, níbi tí wọ́n ń há àwọn ènìyàn mọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Ó kú ní 1919. Ọgbà náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ìdílé rẹ̀ sì ṣì ń gbé ibẹ̀.