Koríko, Páànù àti Ìjì: Ìtàn Òrùlé láti Manigri dé Etíkun

Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ lọ́nà, ìhà ìlà oòrùn ni ojú ọ̀run ti máa ń kọ́kọ́ ṣú ní àgbègbè Bassila. Ooru á mú, ewé igi ò ní mì. Ìjì á wá dé lójijì, á gbé eruku dání, òjò á sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Inú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni òrùlé ti ń lọ. Tí òjò bá ti ń dà lọ́wọ́, èyí tó le jù ti kọjá. Ẹni tí páànù rẹ̀ bá ṣì wà lórí ilé nígbà náà lè dúpẹ́.

Bassila wà ní ẹkùn Donga, lórílẹ̀-èdè Benin, lẹ́bàá ààlà Tógò. Mẹ́rin ni àwọn àdúgbò ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀: Bassila fúnra rẹ̀, Alédjo-Koura, Manigri àti Pénéssoulou. Nàgó ni àwọn ará Manigri, ẹ̀ka èdè wọn àti ti Kambolé ní Tógò sì bá ara wọn tan. Àwọn Anii, àwọn Kotokoli àti àwọn Fúlàní náà ń gbé káàkiri ibẹ̀. Láti Pénéssoulou dé etí òkun lé ní 300 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá rò pé ará etíkun nìkan ni ọ̀rọ̀ ìjì àti òrùlé kàn kò tíì sun Bassila lóṣù Kẹrin rí.

Ìjì ńlá tí àwọn ará Karíbíà àti ti gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà máa ń sá fún kì í dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù. Tiwa ni ọ̀wọ́ ìjì tó máa ń tò lọ gbọọrọ, tó ń ti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, tó sì lè gba Nàìjíríà, Benin àti Tógò kọjá láàárín ọjọ́ kan. Ìdí nìyí tí ìtàn òrùlé Manigri àti ti Bàdágírì fi jọra ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò lọ. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó sì dé orí rẹ̀.

Koríko ni ìbẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ ọ̀dàn, bẹẹrẹ àti èkan ni wọ́n ń gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n á sá, tí wọ́n á sì dì ní ìdì-ìdì. Nínú igbó kìjikìji, bí Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ewé gbodogi ni. Létí ọ̀sà, imọ̀ ògùrọ̀ àti imọ̀ àgbọn. Ní Ọ̀yọ́, koríko tilẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ọdọọdún ni àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń kó bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin bò, òun sì ni wọ́n ń pè ní ọdún Bẹẹrẹ. Ìlú tí kò bá gbé koríko wá ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìlanu.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé yẹn ló yẹ ká wò dáadáa. Wọ́n á to ẹkẹ láti orí ògiri amọ̀ lọ sí góńgó, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú wọn, wọ́n á sì fi ìtàkùn tútù tàbí okùn èèpo igi so gbogbo ibi tí igi méjì bá ti pàdé. Bí ìtàkùn tútù bá ṣe ń gbẹ ló ń fún mọ́ igi sí i. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bo ilé lọ sókè, ìdì òkè á gun ti ìsàlẹ̀ lórí, wọ́n á sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ìṣó kan ṣoṣo níbẹ̀. Òrùlé náà gbọ́dọ̀ dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ dáadáa, nítorí bó bá tẹ́, omi á dúró sínú koríko, á sì jẹrà.

Òrùlé bẹ́ẹ̀ wúwo. Bí koríko bá nípọn dáadáa, ó lè tó 30 kílò tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí mítà kan níbùú àti lóròó. Kì í dí afẹ́fẹ́ pa pátápátá, díẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ yọ. Bí ìjì bá tilẹ̀ bá a jà, etí rẹ̀ ló sábà máa ń fà tu, ọkùnrin méjì á sì tún un ṣe kó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì.

Mi ò sọ pé ká padà síbẹ̀ o. Ikán ń jẹ ẹkẹ, eku ń bí sínú koríko, ọdún mélòó kan péré ni òrùlé sì ń lò kí wọ́n tó tún un bò. Iná wá ni baba gbogbo rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, iná igbó kan lè kó odindi agboolé lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí omi. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, iná jó àwọn ilé kan nínú ààfin àwọn ọba Abomey, ní Benin, ibi tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ogún àgbáyé láti ọdún 1985. Bí ààfin tí gbogbo ayé ń ṣọ́ bá lè jó, kí ni ti ilé àgbẹ̀?

Ìbẹ̀rù iná yìí ló ṣílẹ̀kùn fún páànù. Ní ọdún 1829, Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà ní èbúté ọkọ̀ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ ní ìgbì-ìgbì. Ìgbì yẹn ló fún irin tó fẹ́lẹ́ lágbára láti gba orí igi kan dé òmíràn láìtẹ̀. Irin náà ń dógùn-ún kíákíá, títí di ọdún 1837 tí Stanislas Sorel, ará Faransé, fi gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n fífi síǹkì bo irin. Páànù tí a mọ̀ lónìí ti pé nìyẹn. Ó fúyẹ́, ó ṣeé tò léra nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ rí sì lè kàn án.

Èkó àti àwọn èbúté ló kọ́kọ́ dé ní ilẹ̀ wa. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀, ilé olókè wọn kò sì bá òrùlé koríko mu. Ní Èkó, iná tó ń jó àwọn ilé koríko tó fún mọ́ra jẹ́ kí ìjọba amúnisìn gbógun ti irú òrùlé bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin gbé páànù wọ inú ilẹ̀: ó dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ti Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà, sì dé Parakou nínú àwọn ọdún 1930. Owó kòkó wá ra ìyókù. Kò pẹ́ tí ilé páànù fi di àmì pé onílé ti rọ́wọ́ mú, ìpẹtà orí páànù Ìbàdàn sì di ohun tí J. P. Clark fi kọ ewì tí àwọn ọmọ ilé ìwé kọ́ sórí káàkiri Nàìjíríà. Ọkọ̀ ojú irin kò gba Bassila kọjá, ọkọ̀ ẹrù ló ń gbé páànù dé ibẹ̀. Owó iṣu, owó òwú àti owó kajú ló ń rà á.

Nígbà tí páànù gba ipò koríko, ìtàkùn àti okùn bá koríko lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Gbogbo òrùlé àtijọ́, síso ni wọ́n so ó. Òrùlé tuntun, kíkàn ni wọ́n kàn án, kò sì sí ẹni tó dúró bèèrè bóyá ìṣó lè ṣe iṣẹ́ tí okùn ń ṣe. Páànù tó nípọn tó 0.35 mìlímítà, èyí tí àwọn oníṣòwò Benin ń pè ní 35/100, kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 3 lọ lórí mítà kan níbùú àti lóròó. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń ti ohun tó bá dojú kọ ọ́ pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi 39 kílò lórí ìwọ̀n kan náà. Ní igun òrùlé, ní etí rẹ̀ àti ní góńgó, agbára tó ń fà á sókè tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eré afẹ́fẹ́ náà bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ṣe ẹ rí i pé ìwúwo kò gbà wá mọ́. Ohun tó de páànù mọ́lẹ̀ ló kù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìgbèríko wa, ìṣó dídán ló wọ inú igi rírọ̀, igi náà sì kàn jókòó sórí ògiri amọ̀ láìsí ohun tó mú un. Páànù kò bèèrè ìdàgẹ̀rẹ̀ púpọ̀ bíi ti koríko, nítorí náà wọ́n tẹ́ òrùlé pẹrẹsẹ kí wọ́n lè dín iye páànù kù. Òrùlé tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń fà sókè jù. Wọ́n tún wá na etí òrùlé jáde láti fi bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ti páànù láti ìsàlẹ̀, nígbà tí ti òkè ń fà á. Òkúta àti táyà ògbólógbòó tí à ń rí lórí ilé láti Manigri dé Savalou, ìjẹ́wọ́ ni: onílé mọ̀ pé ìṣó òun kò tó.

Kì í ṣe ilé tálákà nìkan ni ìjì ń bá wí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1984, ìjì jà ní Abomey, ó sì ba ààfin àwọn ọba jẹ́ gidigidi, títí kan Ìloro ọba Gezo, yàrá àwọn asen (ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń rántí àwọn òkú) àti yàrá ohun ọ̀ṣọ́. Bí UNESCO ṣe ń kọ ààfin náà sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tó wà nínú ewu pẹ̀lú. Ọdún 2007 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìjì fi ṣe é, ọdún 22 ni ààfin náà fi wà nínú ìwé ewu.

Darwin, ní àríwá Ọsirélíà, ni ayé ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà kedere. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1974, ìjì Tracy wó ìlú náà. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ka 217 kìlómítà ní wákàtí kan kó tó bàjẹ́. Páànù ló bo ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ bíi tiwa. Nígbà tí àwọn ẹnjiníà ṣa páànù tó ti fò lọ jọ, wọ́n rí i pé ìṣó ṣì wà nínú igi níbi púpọ̀. Páànù ló ya yí orí ìṣó ká, nítorí afẹ́fẹ́ ń fà á sókè, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún ń fà á, títí irin fi rẹ̀ tó sì sán. Láti ìgbà náà ni òfin ilé kíkọ́ wọn ti ń béèrè fún wáṣà tó fẹ̀ lábẹ́ orí ìṣó, àti irin tó so òrùlé pọ̀ mọ́ ògiri, tó so ògiri pọ̀ mọ́ ìpìlẹ̀.

Ní etíkun, iyọ̀ tún wá. Síǹkì tó bo páànù tó dára máa ń tó nǹkan bí 20 máíkírónì ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbèríko tó jìnnà sókun, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ tó máíkírónì kan lọ́dún, nítorí náà ó lè lò ju ogún ọdún lọ. Létí òkun gan-an, níbi tí ìgbì ti ń ta iyọ̀ sínú afẹ́fẹ́, bí Cotonou, Grand-Popo tàbí Bàdágírì, iyọ̀ lè jẹ máíkírónì mẹ́rin sí mẹ́jọ lọ́dún, páànù kan náà á sì ti pupa kí ọdún karùn-ún tó pé. Orí ìṣó, níbi tí òòlù ti họ síǹkì kúrò, ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni òkun ń jẹ páànù àti ohun tó de páànù mọ́lẹ̀.

Àwọn ará etíkun gbìyànjú oríṣiríṣi nǹkan. Abẹ́sítò kò dógùn-ún, òkìkí rẹ̀ sì kàn fún ìgbà pípẹ́ láti ìgbà tí Ludwig Hatschek, ará Austria, ti gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó máa ń fọ́ o, eruku rẹ̀ sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí ìdí kankan láti kan án sórí ilé mọ́, ẹni tó bá sì ń tú ti àtijọ́ kò gbọdọ̀ fi ayùn rẹ́ ẹ. Alumíníọ̀mù ló wọ́pọ̀ lórí ilé olówó ní Èkó báyìí, ó sì bá afẹ́fẹ́ òkun mu dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rọ̀ ju irin lọ, nítorí náà àyè àárín igi abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, wáṣà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀. Sìmẹ́ńtì tútù ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá kan án ní ìṣó irin lásán, iyọ̀ á mú kí ibi tí méjèèjì ti pàdé bàjẹ́ kíá. Èyí tó wà láàárín alumíníọ̀mù àti páànù síǹkì ni irin tí wọ́n fi alumíníọ̀mù àti síǹkì pa pọ̀ bò, tí ilé iṣẹ́ Bethlehem Steel ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1972. Ó lágbára bí irin, ó sì ń pẹ́ ju páànù síǹkì lọ.

Ní Pénéssoulou, ẹni tó bá fi owó alumíníọ̀mù ra páànù lásán tó nípọn, tó sì fi ìyókù ra igi gidi àti irin ìso, ló gbọ́n jù lójú tèmi. Iyọ̀ kò sí níbẹ̀, igi sì wà. Ìjọba ti pa igbó Bassila àti ti Pénéssoulou mọ́ láti ayé amúnisìn, kò sì ṣeé wọ̀ gé bó ṣe wuni, ṣùgbọ́n oko tíìkì àdáni wà káàkiri àgbègbè náà. Àárín igi tíìkì tó gbó ni ikán kì í lè jẹ. Funfun ẹ̀yìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí igi yòókù lẹ́nu ikán, èyí sì ni wọ́n sábà máa ń tà fún ẹni tó bá ń kánjú.

Tí ògiri bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù, irin ni kí ẹ fi sínú kọnkéré tó yí orí ògiri ká, kí ẹ̀ka rẹ̀ yọ sókè láti dì mọ́ ẹkẹ. Tí ó bá jẹ́ amọ̀, wáyà tó nípọn gbọ́dọ̀ ti inú ògiri wá, láti ibi tó jìn sí ìsàlẹ̀, kí ìwúwo amọ̀ fúnra rẹ̀ lè máa fa òrùlé mọ́lẹ̀. Òrùlé tó dà sí ojú mẹ́rin, tó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó nǹkan bí dígírí 30, ń dúró ju èyí tó dà sí ojú méjì lọ. Ìṣó tí à ń yí wọlé (skrúù) tàbí èyí tí ara rẹ̀ lọ́ ló yẹ, pẹ̀lú wáṣà, orí ìgbì ni kí wọ́n sì ti kàn án. Ní etí àti ní góńgó, kò gbọdọ̀ sí ìgbì kan tí kò ní ìṣó. Oṣù Kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ló dára jù láti gòkè lọ wo àwọn orí ìṣó. Èyí tó bá ti yọ sókè, ẹ má lù ú padà sínú ihò tó ti fẹ̀. Ẹ fà á yọ, kí ẹ kan èyí tó gùn jù ú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dí ihò àtijọ́ náà.