Ọgbà Ohun Ọ̀gbìn Èbúté Mẹ́ta àti Igi Irẹ́, 1887–1900

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni àjọṣe tí ó wà láàrin ọgbà ohun ọ̀gbìn kan àti igbó ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1887 ni Alfred Moloney, Gómìnà Èkó nígbà náà, dá ọgbà náà sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, létí ọ̀sà. Ète rẹ̀ ni kí òwò Èkó má ṣe dúró lórí epo àti èkùrọ́ nìkan, kí àwọn àgbẹ̀ sì lè rí irúgbìn kòkó àti kọfí gbà níbẹ̀.

Létí ọ̀sà kan náà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà. Ìkòròdú ni èbúté Rẹ́mọ, Ẹ̀pẹ́ sì ni ti Ìjẹ̀bú. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ẹrù oko wọn wá sí Èkó. Lẹ́yìn ogun 1892, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà igbó ṣí sílẹ̀ fún oníṣòwò gbogbo.

Nígbà náà ni òkè òkun ń wá rọ́bà fún táyà kẹ̀kẹ́ ológeere. Láti nǹkan bí 1894 ni àwọn ènìyàn ti ń fi ọ̀bẹ kọ igi irẹ́ lára kí oje rẹ̀ lè ṣàn. Ní 1895, rọ́bà tí ó ti Èkó lọ ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Àwọn onímọ̀ ọgbà Kew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe igi náà ní Kickxia africana. Ní 1899 ni Paul Preuss, ọ̀gá ọgbà àwọn Jámánì ní Victoria, ní Kamẹrúùnù, fi hàn pé igi méjì ni, àti pé elastica ni ó ní rọ́bà gidi. Yorùbá ń pe elastica ní irẹ́, wọ́n sì ń pe africana ní akọ irẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ìwé tó bá igi mu, ọ̀pọ̀ irẹ́ ti kú nítorí ọgbẹ́ ọ̀bẹ, òwò náà sì ti wó. Ní nǹkan bí 1900 ni ìjọba tó ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, létí odò Ògùn.

A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ọgbà náà. Owó yíyá ni ó mú ọ̀bẹ wọlé. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ igi àjòjì ni ó gbájú mọ́ nígbà tí igi ilé ń kú. Nítorí náà, bí a bá dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ létí omi Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lónìí, irẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá síwájú ti ilẹ̀ òkèèrè.