Òwú tí wọ́n sọtẹ́lẹ̀, àdìrẹ tí a rí: ohun tí Abẹ́òkúta mọ̀ nípa ọjọ́ ọ̀la

Láìpẹ́ yìí ni mo jókòó láàárín èrò nínú gbọ̀ngàn kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun fún aráàlú. Ọ̀rọ̀ AI, èyí tí àwọn kan ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, ni wọ́n gbé wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí a tó ṣẹ́jú, bátànì àdìrẹ mẹ́rin ti yọ lára ògiri. Ó ní láàárín ọdún mẹ́wàá, a kò ní rí ẹni tí yóò tún máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ mọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ìyá kan jókòó níwájú mi, aró ti pa èékánná rẹ̀ dúdú. Òun kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, ó dìde, ó ní: "Ọmọ mi, o ṣeun. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yẹn ní bátànì wa?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní: "Màmá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ náà ti kó wọn jọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ìpàdé sì ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá náà bá mi délé, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ẹ̀gbá.

Àwọn baba wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó ń dífá ọrọọrún mọ̀ pé ohun tí òun rí lánàá lè yí padà. Àwọn tó wá sọ ọjọ́ ọ̀la Abẹ́òkúta fún wa ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn kò dá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì ti gbà pé ó ti ṣẹ.

Nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Ní 1846, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS fìdí kalẹ̀ sí ìlú náà. Ní London, Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ní ìran kan. Ó ní bí àwọn Ẹ̀gbá bá ń gbin òwú, tí wọ́n sì ń tà á sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òwò ẹrú yóò kú, àwọn ọmọ ìlú yóò di oníṣòwò tó dá dúró, ilé ìhunṣọ Manchester kò sì ní gbára lé òwú tí àwọn ẹrú Amẹ́ríkà ń gbìn mọ́. Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, gbà láti ra òwú náà.

Òwú kì í ṣe àjèjì sí wa tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa ń ran òwú, wọ́n ń hun kíjìpá, kí òyìnbó kankan tó gun òkè odò Ògùn. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ẹ̀rọ tí ń ya kóró kúrò lára òwú. Clegg fi ẹ̀rọ wọ̀nyí ránṣẹ́, títí iye wọn fi lé ní 150. Kò fi wọ́n tọrẹ. Iye tó ná an ló ń tà wọ́n. Ní Abẹ́òkúta, Samuel Crowther, ọmọ Àjàyí Crowther, àti Henry Robbin ni wọ́n ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ní 1852, ìwọ̀n òwú tó dé ọwọ́ Clegg jẹ́ pọ́n-ùn 1,810. Nígbà tí yóò fi di 1859, ó ti lé ní 400,000. Ta ni yóò rí irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé ọjọ́ ọ̀la ti dé?

Ọdún 1859 yẹn gan-an ni ọdún àsọtẹ́lẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú ìlú, owó ẹyọ 120 ni ẹ̀dà kan. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní èdè Yorùbá, ẹni tó bá sì ti ṣe iṣẹ́ ìròyìn rí bíi tèmi kò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí orí rẹ̀ má wú. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, àwọn aláwọ̀ dúdú méjì tó ti òkè òkun wá, Martin Delany àti Robert Campbell, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Aláké Okukẹnu àti àwọn ìjòyè. Crowther àti ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Àdéhùn náà ni pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò, kí wọ́n sì mú ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wá fún àwọn Ẹ̀gbá.

Jàmáíkà ni wọ́n ti bí Campbell. Ó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ṣe olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Philadelphia. Ní 1862 ó padà wá gbé ní Èkó, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863, ó sì wà lára àwọn aṣáájú The Academy, ilé àpérò tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1866 fún ìmọ̀ àti ọnà, tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àná ni a bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ tuntun.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àsọtẹ́lẹ̀ náà? Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, àwọn ọ̀nà dí. Ní 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ìfura sì wọ àárín àwọn Ẹ̀gbá àti òyìnbó. Àwọn ìjòyè yí padà lórí àdéhùn Delany. Àwọn tí wọ́n ń retí láti Amẹ́ríkà kò dé. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà gbé owó òwú sókè ní 1861, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun náà parí ní 1865, owó náà wálẹ̀. Ní 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: àwọn aráàlú wó ilé ìjọsìn, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó sì fi ìlú sílẹ̀. Bí Ìwé Ìròhìn ṣe parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ òwú ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ṣiṣẹ́. Ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ ti kọsẹ̀ ni pé àwọn tó sọ ọ́ ka ẹ̀rọ, wọn kò ka ọ̀ràn tó yí ẹ̀rọ ká. Òkè òkun ni wọ́n ti ń dá iye tí a ó ta òwú, àgbẹ̀ Ẹ̀gbá kò sì lóhùn níbẹ̀. Àní láàárín àwọn tó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, ìjà wà lórí ẹni tó ni ín: Venn fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, Clegg sì fẹ́ kí ó wà lábẹ́ òun. Ẹ̀rọ tí a kò tíì fẹnu kò sí lórí ẹni tó ni ín, báwo ni a ṣe lè sọ ohun tí yóò dà?

Àsọtẹ́lẹ̀ kejì gun orí irin wá. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1899, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1902, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti mú kí wọ́n máa gbin òwú káàkiri ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, àlá Clegg sì tún jí. Wọ́n pín irúgbìn, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ ìṣirò: kòkó ń mówó wọlé ju òwú lọ. Ibi tí owó gbé wà ni ọ̀pọ̀ wọn kọjú sí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọtẹ́lẹ̀ ni ti àwọn obìnrin. Aṣọ funfun Manchester, tí wọ́n fi ẹ̀rọ hun, ń ti ojú irin dé, owó rẹ̀ kò wọ́n. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta mú un, wọ́n fi iko dì í, wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya bátànì sí i lára, wọ́n rẹ ẹ́ láró. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé agboolé Jojola ní Kémta wà lára ibi tí iṣẹ́ àdìrẹ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Manchester tí wọ́n ní a ó máa ta òwú fún ló wá ń tà aṣọ fún wa, àwọn ìyá wa sì sọ aṣọ náà di ọjà tí àwọn oníbàárà ń ti ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá rà.

Ṣùgbọ́n kí a má fi oyin nìkan sọ ìtàn náà. Ní 1914, Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira ìjọba rẹ̀. Owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ogun Adùbí bẹ́ ní 1918, àwọn aráàlú hú ojú irin, wọ́n já okùn tẹlígíráàfù. Wọn kì í ṣe òpè tó bẹ̀rù ọkọ̀ ojú irin, nítorí nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n ti fi ń wọ̀ ọ́. Wọ́n hú u nítorí pé ojú irin yẹn kan náà ni sójà ń gbà dé.

Ní 1936, ìjà mìíràn dé, lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ gan-an. Àwọn aláró ti ń fi kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó rọ́pò eérú àti ewé èlú, nítorí ó yá, kò sì gba wàhálà. Àwọn kan ké pé aṣọ ń gbó kíákíá. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é. Àwọn obìnrin aláró kò dákẹ́: wọ́n tako òfin náà, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó láti gbọ́ tẹnu wọn. Títí di òní, sódà wà nínú ìkòkò aró. Bóyá wọ́n jàre tàbí wọn kò jàre, ohun kan dájú: àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú aró dìde, wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí.

Èyí ló mú mi padà sí gbọ̀ngàn yẹn. Ní oṣù Kẹfà 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta tó wà ní Láderin sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ọjà ń bá irin yẹn náà rìn. Ní Ìtòkú lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ tòótọ́, bátànì wa ló wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Bí AI bá tún wá ń ya Ìbàdàndùn àti Olókun ní ìṣẹ́jú àáyá, ta ni owó yóò wọlé fún? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 ní Nàìjíríà ṣe ààbò fún ọnà àjogúnbá, ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣọ́ ohun tí a kò kọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ aláró ya àwòrán bátànì wọn, kí wọ́n kọ orúkọ àti ìtàn rẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà bá wọn tọ́jú rẹ̀. Bí a bá sì tún pe ìpàdé lórí ọjọ́ ọ̀la iṣẹ́ aró, kí a gbé àga aláró sórí pèpéle.

Èmi kò mọ bí AI yóò ṣe rí ní ọdún mẹ́wàá sí i. Àwọn tó gbọ́n ju èmi lọ ti ṣìnà lórí òwú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ni ìtàn Abẹ́òkúta fi lé wa lọ́wọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tuntun wá: ta ló ni ín, ta ló ń dá iye rẹ̀, ta ni wọ́n sì bi kí wọ́n tó gbé e dé?

Lẹ́yìn ìpàdé, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá yẹn. Ó ní òun fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ìyá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Wá lọ́jọ́ tí a bá ń rẹ aró. Ṣùgbọ́n má wọ aṣọ funfun wá o."