Àsíá Tí Wọ́n Tà Mọ́ Orin

Ìtàn kan wà tó dùn létí. Bí o bá bi àwọn tó fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà pé kí ni àsíá ogun àwọn Kọnfẹ́dérétì, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà tí wọ́n sì bá a jagun, ń wá lẹ́yìn àwọn olórin wọn, ìtàn náà ni wọ́n á fà yọ. Wọ́n á ní ogún bàbá ni. Wọ́n á ní àwọn ọmọ tálákà tó gbé gìtá jáde láti Florida àti Georgia kàn gbé ohun tí wọ́n bá nílé bọ́ sórí ìtàgé ni, pé kò ní ìkórìíra kankan nínú, pé àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló wá jí àsíá náà gbé lẹ́yìn náà tí wọ́n sì kó èérí bá a.

Ìtàn yìí ní orí, ó ní ìrù. Àmọ́ ìrù rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe orí.

Ẹ jẹ́ ká mú Lynyrd Skynyrd, torí àwọn ni àsíá yìí lẹ̀ mọ́ lára jù. Ọmọ Jacksonville ní Florida ni wọ́n. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn fúnra rẹ̀: olùkọ́ eré ìdárayá kan tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nítorí irun gígùn ni wọ́n lọ́ orúkọ rẹ̀ po. Ilé-ìwé girama tí ọkùnrin náà ti ń kọ́ wọn ń jẹ́ Robert E. Lee, orúkọ ọ̀gágun àgbà àwọn Kọnfẹ́dérétì, kò sì yí orúkọ yẹn padà títí di 2021. Nítorí náà, n kò ní sọ pé àwọn ọmọ náà kò mọ àsíá yẹn rí. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Àmọ́ kéèyàn mọ ẹrù yàtọ̀ sí kó gbé e sórí.

Ta ló wá gbé e rù wọ́n? Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù MCA ni, ní California lọ́hùn-ún. Ní 1973 tí rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ jáde, Al Kooper, ọmọ Brooklyn, ló darí iṣẹ́ náà, ẹ̀ka MCA tó sì gbé e jáde ni wọ́n sọ ní Sounds of the South. Ẹ wò ó bí ohùn ìlú ẹni ṣe ń di ọjà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará ìlú. Lọ́dún kan náà, wọ́n ń kọrin ṣáájú ẹgbẹ́ The Who káàkiri Amẹ́ríkà, níwájú èrò rẹpẹtẹ tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Oníṣòwò ń wá ohun tí ojú á fi dá wọn mọ̀ láti òkèèrè, ó sì rí i: aṣọ pupa, ìlà búlúù méjì tó gba ara wọn kọjá, ìràwọ̀ funfun 13. Ronnie Van Zant, tó jẹ́ ẹnu fún ẹgbẹ́ náà, kò fi èyí pa mọ́. Kó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní 1977, ó sọ fún oníròyìn pé ọgbọ́n ìpolówó MCA ni àsíá náà. Ó ní ó wúlò fún wọn níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ti ń di ohun ìtìjú báyìí, àfi ní Yúróòpù nìkan tí wọ́n ti ń gba tiẹ̀.

Yúróòpù! Irú ogún bàbá wo ló jẹ́ pé àwọn ará òkè òkun ló ń pàtẹ́wọ́ fún un, tí ojú ń ti ọmọ bàbá?

Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà paraku ni Lynyrd Skynyrd náà ti sọdá. Ẹ wo “Sweet Home Alabama” tó jáde ní 1974, orin tí wọ́n kà sí orin ìyìn Gúúsù jù lọ. Nínú àwọn mẹ́ta tó kọ ọ́, kò sí ọmọ Alabama kan. Ed King tiẹ̀ wá láti California. Georgia ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Èsì ni wọ́n fi fún Neil Young, ọmọ Kánádà tó ti kọ orin méjì bú Gúúsù nítorí ẹrú àti ìyà àwọn aláwọ̀ dúdú. Bí wọ́n ṣe dárúkọ gómìnà Alabama, ìyẹn George Wallace tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì ní 1963 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú má baà wọlé, ni àwọn elégbè hó yèè láti fi bú u. Àwọn elégbè ọ̀hún ńkọ́? Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni Clydie King àti Merry Clayton. Clayton ti ṣàlàyé pé òun kọ́kọ́ kọ̀, torí orúkọ Alabama mú òun rántí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí bọ́ǹbù pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Birmingham lọ́dún 1963 kan náà. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí orin yẹn wà náà ni “The Ballad of Curtis Loew” wà, orin nípa bàbá arúgbó aláwọ̀ dúdú kan tó ń ta gìtá, àti ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ń nà nítorí pé ó ń lọ gbọ́ ọ. Ẹni tó kórìíra aláwọ̀ dúdú kì í jókòó kọ irú orin bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn agbèjà wọn nìyí: inú rere olórin kò lè fọ aṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn baba wa tó ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ̀ pé ìtumọ̀ ohun tí a dì kò sí níkùn ẹni tó dì í nìkan. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so ní ìfojúkojú, ìfẹ́ ni. Èyí tí wọ́n so ní ìkẹ̀yìnsíra, ìjà ti dé. Ẹni tó bá fi èyí tó kẹ̀yìn síra ránṣẹ́ kò lè wá sọ lọ́la pé ẹwà okùn rẹ̀ ni òun rí.

Ta ló wá kọ́kọ́ di àrokò yìí, kí ló sì wí nígbà tó ń dì í? Ní 2012, Gary Rossington, onígìtá Lynyrd Skynyrd, sọ lórí CNN pé àwọn máa dín àsíá náà kù torí pé àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti jí i gbé. Inú bí àwọn olólùfẹ́ wọn. Kò pẹ́ tó fi yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní àsíá náà ṣì máa wà níbẹ̀, pé ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ jagun nígbà náà lọ́hùn-ún.

Ẹ̀tọ́ láti ṣe kí ni? Àwọn tó jagun kò fi í pa mọ́ fún wa. Ní January 1861, Mississippi kọ ọ́ sínú ìwé ìyapa rẹ̀ pé ọ̀ràn òun àti ọ̀ràn ẹrú níní ti di ọ̀kan. Ní March ọdún náà, igbá-kejì ààrẹ àwọn Kọnfẹ́dérétì, Alexander Stephens, dúró ní Savannah, ó ní òkúta ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun náà ni pé aláwọ̀ dúdú kò bá aláwọ̀ funfun dọ́gba. Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni ti South Carolina, tó kọ́kọ́ ya kúrò ní December 1860: ẹ̀sùn tó fi kan àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ni pé wọ́n ń lo ẹ̀tọ́ wọn, wọn kò dá ẹrú tó sá wá bá wọn padà fún olówó rẹ̀!

Lẹ́yìn ogun, àsíá náà di ohun ìrántí òkú fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó mú un padà sójú títì kì í ṣe gìtá. Ní 1948, nígbà tí Strom Thurmond ń du ipò ààrẹ lòdì sí ètò Ààrẹ Truman fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, àsíá yìí ni àwọn èrò rẹ̀ ń jù fìrìfìrì. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bí Van Zant. Ní 1954, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí wọ́n má ya ọmọ ilé-ìwé sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di 1956, Georgia ti rán àsíá ogun náà mọ́ àsíá ìpínlẹ̀ rẹ̀. South Carolina gbé tirẹ̀ sórí ilé ìjọba nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú gbóná, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn ọmọ Jacksonville dàgbà bá a bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó jí i gbé. Ọwọ́ àwọn tó ni ín ló wà.

Wọ́n á ní ìgbéraga ìlú ẹni ni. Ìlú ta ni? Ní 1860, ẹrú pọ̀ ju ọmọ olómìnira lọ ní South Carolina àti ní Mississippi. Ọmọ Gúúsù ni àwọn náà, àwọn ni wọ́n gbin òwú ibẹ̀, ara wọn ni blúùsì ti jáde wá, blúùsì yìí sì ni ìyá tó bí orin Skynyrd. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn olórin kan ti fẹnu ara wọn jẹ́wọ́. Tom Petty, ọmọ Gainesville ní Florida, fi àsíá náà ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé nígbà tó ń polówó rẹ́kọ́ọ̀dù Southern Accents ní 1985. Ní 2015, lẹ́yìn tí ọmọkùnrin kan tó ti ya fọ́tò pẹ̀lú àsíá yẹn pa èèyàn mẹ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú ní Charleston, Petty ní ìwà òmùgọ̀ ni òun hù.

Tí wọ́n bá sì ní láìsí àsíá, orin náà kò ní ilé, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wo Macon ní Georgia. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Allman Brothers fìdí sí, àwọn tó la ọ̀nà tí Skynyrd gbà. Kó tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1969, Duane Allman ti ta gìtá fún Wilson Pickett, olórin aláwọ̀ dúdú, ní Muscle Shoals ní Alabama. Jaimoe, aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn onílù wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Phil Walden tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn jáde ló ti ń bójú tó iṣẹ́ Otis Redding, olórin aláwọ̀ dúdú mìíràn, tẹ́lẹ̀. Ní 2015, Gregg Allman, àbúrò Duane, ní bí àwọn èèyàn bá ń rí oko ẹrú nínú àsíá yẹn, kí wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀ pátá.

Olú ni ẹgbẹ́ náà mú ṣe àmì wọn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ Gúúsù.