Àwọn Òkúta Anyama

Ìlú oníṣòwò obì ni Anyama, ní ìhà àríwá Abidjan. Òkúta ni ó wá sọ ọ́ di ìlú tí àwọn onímọ̀ ìtàn kò lè gbàgbé mọ́.

Ní ọdún 1982 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yodé Guédé àti àwọn awalẹ̀pìtàn láti Côte d'Ivoire àti ilẹ̀ Sófíẹ́tì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bété I, ní Anyama. Wọ́n bá àwọn òkúta kan nísàlẹ̀ ilẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ òkúta, pàápàá kúọ́tsì, òkúta funfun líle tí kì í fọ́ bí ènìyàn ti fẹ́. Olùwòye ní láti wá ojú ibi tí a gbé lù ú, kí ó sì wò ó bóyá àpá tí a gbé ṣá a tẹ̀lé ara wọn létí kan. Òkúta tí ó kàn já lulẹ̀ kì í sábà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá wọn mọ̀ ní irinṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà nígbà náà láti mọ ọjọ́ orí wọn.

Egungun ìbá ran irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Nínú àwọn ihò òkúta ẹlẹ́fun ti Gúúsù Áfíríkà, omi tí ó ru ẹfun a máa sọ egungun di òkúta. Ní ilẹ̀ igbó ẹ̀wẹ̀, òjò àti ewé jíjẹrà a máa sọ ilẹ̀ di kíkan, egungun a sì yọ́ dànù. Iyanrìn nìkan ni ó kù láti jẹ́rìí.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ tuntun kan, tí Eslem Ben Arous, James Blinkhorn àti Eleanor Scerri wà nínú rẹ̀, padà síbẹ̀. Guédé ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ tí wọ́n fi rí kòtò àtijọ́ náà. Oòrùn a máa pa agbára inú hóró iyanrìn rẹ́. Bí ilẹ̀ bá bò ó, agbára náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ díẹ̀díẹ̀. Nínú òkùnkùn ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Ìṣirò náà fi hàn pé ọjọ́ orí àwọn irinṣẹ́ náà tó nǹkan bí 150,000 ọdún. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti ọ̀rá ewé inú ilẹ̀ sì fi hàn pé igbó kìjikìji ni ibẹ̀. Koríko kò pọ̀. Ṣáájú èyí, ẹ̀rí tí ó dájú nípa ènìyàn nínú igbó kìjikìji Áfíríkà kò ju nǹkan bí 18,000 ọdún lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà pé odi ni igbó jẹ́ fún àwọn baba ńlá wa.

Ìwé ìròyìn Nature tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2025. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn awakùsà ti wú ilẹ̀ Bété I kúrò pátápátá.